Ariwo Ọjọ́bọ̀

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Wọ́n ti fún un.

Ọ̀gá kó gbogbo wa jọ sí yàrá ìpàdé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní láti òní lọ, Oníbéèrè ni olórí àwọn tó ń wá ìgbì tó ń ti ojú ọ̀run wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán ìgbì. Èmi náà ni mo sọ ọ́ ní Oníbéèrè, nígbà tó kọ́kọ́ dé sí yàrá mi tòun ti báàgì ẹ̀yìn, tí kì í jẹ́ kí n parí gbólóhùn kan kó tó bi mí léèrè òmíràn. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti wà nínú ilé yìí. Ọ̀gá wo ojú gbogbo èèyàn àfi tèmi.

Oníbéèrè dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá, lọ́wọ́ àwọn tó ń nu dígí, lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó máa ń bá a tọ́jú agboòrùn. Kò dárúkọ mi. Mo pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta mí. Wọ́n gé kéèkì, kéèkì náà gbẹ. Mo gbé abọ́ mi sílẹ̀, mo rin ọ̀nà gígùn dé ìparí, mo wọ yàrá kékeré tí a ń kó dígí àtijọ́ sí, mo gbá ilẹ̀kùn mọ́ ara mi. Mo jókòó lórí àpótí. N kò sunkún, mo kàn jókòó ni.

Mo fẹ́ràn ọmọ yìí. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà gbàgbé.


Sátidé, ọjọ́ kọkànlá

Bàálé mi ń fá pákó tábìlì kan lẹ́yìn ilé. Ó ń gba ojú fèrèsé ilé ìdáná wò mí.

"Ṣé wọ́n dá ẹ dúró níbi iṣẹ́ ni?"

"Rárá."

"Wọ́n gé owó oṣù ẹ?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé tó o fi ń gé àlùbọ́sà bí ẹni pé ó bú ìyá ẹ?"

"Wọ́n fún un ní yàrá tó ní fèrèsé."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, òjòwú ò lẹ́ran láyà o." Mo ní kó kọjú sí pákó rẹ̀. Àwọn tó ń fá pákó kì í mọ̀ pé ọmọ tí èèyàn kọ́ ní iṣẹ́ lè wá di ọ̀gá ẹni lọ́sàn-án kan, láàárín oúnjẹ àti kéèkì.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Oníbéèrè kanlẹ̀kùn mi láàárọ̀, kò tíì bọ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan."

Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì mi. N kò ní purọ́ nínú ìwé ara mi: nǹkan náà rẹwà. Ìlà kan bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń gòkè, bí ìgbà téèyàn ń súfèé tí súfèé ọ̀hún ń ga tó sì ń yára. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan tó fi tán. Ìràwọ̀ méjì tó ti kú ló ń yí ara wọn ká níbi tó jìnnà ju ohun tẹ́nu lè sọ lọ, títí wọ́n fi wọnú ara wọn, tí ìgbì wọn wá gbọn àwọn dígí tí a fi ń gbọ́ ìgbì jìgì. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń retí kí irú rẹ̀ wá bá èmi.

Mo bi í ní àkókò. Ọjọ́bọ̀, aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Ọjọ́ tí wọ́n fún un nípò gan-an. Ọ̀run náà wá kí i kú oríire.

Ilé iṣẹ́ wa kejì tó wà lókè òkun gbọ́ ọ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ni, torí wọ́n ń tún dígí tiwọn ṣe lọ́sẹ̀ náà. Tiwa ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

"Ẹ bá mi pa á," ó ní. "Tí ẹ ò bá rí i pa, a jẹ́ pé òótọ́ ni."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá rí ìgbì á gbé e fún ẹni tó mọ ariwo jù, kí onítọ̀hún wá ohun ilẹ̀ tó lè dà bíi rẹ̀: ọkọ̀ tó kọjá, atẹ́gùn, ẹ̀rọ tó ń mì. Èmi ni mo mọ ariwo jù. Láìsí ìbuwọ́lùwé mi, ará ìta kankan ò ní gbọ́ nípa rẹ̀, ogúnjọ́ oṣù tó ń bọ̀ sì ni ìpàdé ńlá. Mo ní màá wò ó. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Láti ọjọ́ pípẹ́, òní ni mo kọ́kọ́ sáré dé ibi iṣẹ́.

Kì í ṣe ọkọ̀ ńlá: wọ́n ti ti ojú ọ̀nà ẹ̀yìn látàárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń fa omi lóko aládùúgbò, èyí tó fi ojú wa rí màbo lọ́dún kẹta sẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn ti tà á. Atẹ́gùn kò fẹ́. Mo rántí pé òòrùn máa ń bínú nígbà mìíràn, tí ìjì rẹ̀ máa ń da iná mànàmáná láàmú, mo bá pe ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ tí a jọ ṣiṣẹ́ òfuurufú kí n tó wá síbí. Ó wo ìwé rẹ̀, ó ní jẹ́jẹ́ ni òòrùn wà lọ́jọ́bọ̀ yẹn, kò tiẹ̀ wúkọ́.

Òòrùn náà wà lẹ́yìn rẹ̀.


Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ìyá mi pè. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́ tó ń ti ara òòrùn fẹ́ wá, ó máa ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọmọ òun ń bá òòrùn ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ tí a fi ránṣẹ́ sójú òfuurufú kú mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́dún kẹta, mo sì wá síbi tí a ti ń gbọ́ ìgbì. Látìgbà náà ni kò ti mọ ohun tó máa sọ.

"Ṣé ẹ ti wá gbọ́ ọ?"

"Ó jọ pé a ti gbọ́ ọ, Màámi."

"Ìwọ lo gbọ́ ọ?"

"Rárá. Èmi ń wá ohun tí kò yẹ ká gbọ́."

"Ta ló wá gbọ́ ọ?"

"Ọmọ kan tí mo kọ́."

"Ọmọ tó o kọ́ ṣe dáadáa. Ṣebí ìwọ náà lo ṣe dáadáa yẹn."

Mo sọ fún un pé n kò gbọ́ ọ dáadáa mọ́, pé ẹ̀rọ ń já. Ẹ̀rọ kò já.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Òjò. Kò sí ariwo kankan. Kọfí ti tún gbówó lórí.


Ọjọ́ Ìsẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo bá Oníbéèrè pàdé níbi tí a ti ń po kọfí. Ó ti rù. Ó ní òun kì í lè jẹun láàárọ̀ mọ́, òun ń retí ohun tí mo máa rí. Ó ní tí ìgbì náà bá kú báyìí tó jẹ́ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àga, wọ́n á ní ojú ló ń kán òun, kò sì sẹ́ni tó máa gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Mo ní kó fara balẹ̀. Mo pa dà sí yàrá mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ariwo kíkankíkan. Mo mọ irú èèyàn tí mò ń dà.


Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀nọjọ́

Mo rí i.

Ọgọ́ta ẹ̀rọ kéékèèké la tò sílẹ̀ káàkiri ilé láti máa mọ bí ilẹ̀ bá mì. Ìkẹtàlélógójì wà ní ìparí ọ̀nà gígùn. Okùn rẹ̀ ti já láti oṣù tó kọjá, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ ẹ̀rọ náà ń tọ́jú ohun tó bá gbọ́ sínú ara rẹ̀. Mo lọ yọ ọ́ lónìí, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì wà níbẹ̀: ìró gbààgà kan, Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an.

Mo jó nínú yàrá mi. Mo ti ilẹ̀kùn, mo jó. Lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi. Ilẹ̀kùn ló máa ń dún bẹ́ẹ̀. Aláìnírònú wo ló ń gbá ilẹ̀kùn nígbà tí iná pupa ń tàn, tí gbogbo ilé mọ̀ pé ẹ̀rọ ń gbọ́, tí a kì í fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ níbẹ̀ láìkọ ọ́ sínú ìwé ilé? Mo kọ lẹ́tà sí Ọ̀gá pé kí wọ́n wá ẹni náà rí, kí wọ́n má jẹ́ kó wọ apá ibẹ̀ mọ́ láyé. Lẹ́tà gbígbóná ni. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, mo ní kó di ọ̀la kí n tó fi ránṣẹ́.


Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo fẹ́ mọ ibi tí oníkálukú wà lọ́jọ́ náà, mo bá ṣí ìwé yìí. Mo ka ojú ewé àkọ́kọ́.

Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Iná pupa ń tàn lọ́jọ́ yẹn, èmi kò tiẹ̀ gbójú sókè. Mo ya lẹ́tà náà sí wẹ́wẹ́.


Ọjọ́ Ìsẹ́gun, ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin

N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Tí mo bá dákẹ́ tí mo sì fọwọ́ sí i, irọ́ ni mo fọwọ́ sí, ìgbì ọmọ náà á sì jáde sáyé pẹ̀lú ihò kan tí èmi nìkan mọ̀. Tí mo bá sọ ọ́, ìgbì rẹ̀ lè kú, inú mi á sì dùn. Ibi tó ti le nìyẹn. Inú mi á dùn, n kò sì ní mọ̀ títí ayé bóyá nítorí òtítọ́ ni mo ṣe sọ ọ́ tàbí nítorí owú. Gbogbo ìgbésí ayé mi ni mo fi ń ya ohùn òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo ilẹ̀, mi ò wá lè ya méjì yìí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Oníbéèrè kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi lónìí. Kò wọlé.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo sọ ọ́ fún bàálé mi níbi tá a ti ń jẹun. Gbogbo rẹ̀. Ó jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán kó tó fèsì.

"Ṣé ilẹ̀kùn yẹn ló fa ìlà tí ọmọ náà rí?"

"N kò mọ̀."

"Kí ló dé tó ò mọ̀? Padà lọ gbá a."

Èèyàn lè fẹ́ ẹni tó ń fá pákó, kó jẹ́ pé ọlọ́gbọ́n ni. Gbígbá ilẹ̀kùn ló kù tí n kò tíì rò. Bí ilẹ̀kùn bá ya irú ìlà yẹn, ó tán. Bí kò bá ya á, ìgbì náà yè. Àmọ́ a kì í dá irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ṣe: Ọ̀gá gbọ́dọ̀ mọ̀, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa gbọ́, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Wọ́n á bi mí nípa ẹni tó kọ́kọ́ gbá a.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ní yàrá Ọ̀gá, lójú Oníbéèrè. Mo fi gbààgà ẹ̀rọ kẹtàlélógójì hàn wọ́n. Ojú ọmọ náà ṣófo.

"Ta ló gbá ilẹ̀kùn?" Ọ̀gá ló bi mí.

"Èmi ni, sà."

"Pẹ̀lú iná pupa? Ìwọ?"

"Orí ló ń fọ́ mi. Mo fẹ́ jókòó níbi tó dákẹ́."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń pariwo lé àwọn èèyàn lórí nítorí bàtà tó ń dún. Ó ní ká ṣe ìdánwò lọ́jọ́rú. Oníbéèrè kò bi mí ní ìbéèrè kankan. N kò rírú ẹ̀ rí láti ọdún mẹ́jọ.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

A gbá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógún. Èmi ni mo gbá a, torí ọwọ́ tó gbá a níjọ́sí ló gbọ́dọ̀ gbá a. Oníbéèrè wà nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń gba ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ bá mi sọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un gbá." Ní ìgbà kejìlá, èjìká ti ń dùn mí.

Kò tó. Èyí tó le jù lára wọn kò ju ìdajì gbààgà ọjọ́ kẹsàn-án lọ. Ọ̀gá ní ìdánwò tí kò tó kì í ṣe ìdánwò. Bí a bá gbé ìdajì lọ síwájú àwọn ará òkè òkun, wọ́n á bi wá nípa ìdajì tó kù. Ó ní ká ní kí ẹ̀ṣọ́ wá gbá a, ó lágbára jù mí lọ. Ẹ̀ṣọ́ gbá a. Ilẹ̀kùn fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ lára ògiri, àmọ́ ìró rẹ̀ yàtọ̀. Ó ga jù mí, ibi tó ti dì í mú kò bá tèmi mu.

"Ṣé báyìí lẹ ṣe gbá a lọ́jọ́ náà?" Oníbéèrè bi mí. Ìbéèrè tún ti pa dà dé.

Mo ní mi ò rántí. Mo rántí.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo lọ bá a ní yàrá rẹ̀ tó ní fèrèsé. Mo dúró, ó dìde, àwa méjèèjì wà lórí ìdúró bí ẹni tó fẹ́ gba ọkọ̀.

Mo ní, "Orí ò fọ́ mi."

N kò dúró kó bi mí léèrè.

"Owú rẹ ni mò ń jẹ. Wọ́n fún ẹ ní ohun tí mo ń dúró dè, o dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ayé, títí kan ẹni tó ń tọ́jú agboòrùn, o ò dárúkọ mi. Ìyẹn ni mo fi gbá ilẹ̀kùn. Mi ò lè gbá a bẹ́ẹ̀ láìsí ìyẹn. Wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó o tún dúpẹ́ bó o ṣe dúpẹ́ lọ́jọ́ náà."

Omi lé sí i lójú, kò jẹ́ kó bọ́. Ó ní, "Ẹ̀rù ló bà mí, Ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé ipò yín ni. Mo rò pé tí mo bá dárúkọ yín, ẹ máa rò pé mò ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

"Má sọ ìyẹn fún mi báyìí. Inú mi á rọ̀, ilẹ̀kùn ò sì ní dún."

Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Èmi kò rẹ́rìn-ín. A lọ.

Iná pupa ń tàn. Ọ̀gá wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà dúró sí ojú ọ̀nà gígùn, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tààrà bó ṣe nà án lọ́jọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀: ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń nu dígí, lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mo rò pé ojú á tì mí. Ojú kò tì mí. Nígbà tó dé orí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, owú náà ti pa dà dé, gbígbóná, bíi pé ọjọ́ kan kò tíì kọjá. Mo wọlé, mo gbá ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Mo jókòó lórí àpótí nínú òkùnkùn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohùn Ọ̀gá tó dé látinú ẹ̀rọ.

"Ó tó. Ó bá a mu wẹ́kú."

"Ìgbì ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan. Dígí kàn mì díẹ̀ ni, ó sì dúró. Kò sí ìlà tó ń gòkè. Ohun tí ọmọ yìí rí, kì í ṣe ilẹ̀kùn rẹ."

Mo gbọ́ tí ọmọ náà ń sunkún níta ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ kí inú mi dùn, ó sì dùn díẹ̀. Ó tún dùn mí. Ìgbì rẹ̀ ti yè, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi jí i.


Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo fọwọ́ sí i láàárọ̀. Òjò ti dá. Oníbéèrè gbé kọfí wá fún mi, mo gbà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun máa dárúkọ mi níbi ìpàdé ńlá, mo ní kó lọ jẹun ná.

Ó ku ìwé ilé. Ọ̀gá ní kí n kọ ìwọlé ọjọ́ kẹsàn-án sínú rẹ̀ bó ṣe yẹ kí n ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, torí wọ́n á ka ojú ewé náà níbí, wọ́n á sì kà á lókè òkun. Mo kọ orúkọ mi. Mo kọ àkókò. Mo kọ ọ́ pé mo gbá ilẹ̀kùn. Apá ìkẹyìn wá kù, ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìdí. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan: Owú.

Ọ̀gá gba orí èjìká mi kà á. Ó wúkọ́.

"Àwọn èèyàn máa ka nǹkan yìí o. Ṣé kí a má kọ ọ́ pé orí ń fọ́ ẹ?"

"Rárá, sà," mo ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélógún ni mo gbìyànjú láìsí i. Kò tó."